Ta Ló Wà Níbẹ̀ Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Bẹ̀rẹ̀? Ìfikùnlukùn àti Ìpinnu Àyíká Nínú Ilé Iṣẹ́

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ni bí ilé iṣẹ́ ṣe ń pinnu ohun tí yóò ṣe sí omi, sí afẹ́fẹ́, sí ilẹ̀, sí ìdọ̀tí rẹ̀ àti sí iná tó ń lò. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé inú yàrá ìgbìmọ̀ olùdarí ni irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó tí alága sì buwọ́ lùwé. Mo wá sọ fún yín pé ìparí ọ̀rọ̀ ni ìbuwọ́lùwé. Kó tó dọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti lọ, ó ti bọ̀, láàárín olùtajà àti oníbàárà, láàárín onímọ̀ ẹ̀rọ àti akáǹtáǹtì, láàárín ọ̀gá àti àwọn tó ń bá a jẹun. Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ ló pinnu. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ìròyìn ìpinnu ni wọn yóò mú tọ̀ ọ́ wá, wọn yóò sì ní kó fara mọ́ ọn.

Mo ní àpẹẹrẹ mẹ́ta láti fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀: ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti Òkun Àríwá ní Yúróòpù, ọ̀kan láti Èkó níhìn-ín. Lẹ́yìn wọn ni n ó wá sọ ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe.

Àwọn tí kò lè wá sípàdé

Ní 1983, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí àyíká àti ìdàgbàsókè. Gro Harlem Brundtland, obìnrin tó ti ṣe olórí ìjọba ní Nọ́wè, ni alága rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan, Bukar Shaib, wà lára ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ wọn jáde ní 1987, kókó rẹ̀ ni pé kí àwọn tó wà láyé rí ohun tí wọ́n nílò gbà nínú ayé yìí, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí a kò tíì bí.

Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ èyí tí yóò ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìṣòro wà. Ẹni tí a kò tíì bí kò lè wá sípàdé. Odò kò lè na ọwọ́ sókè kó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹja kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bí owó oṣù bá pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé iṣẹ́ yóò mọ̀. Bí odò bá ń kú, ó lè tó ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, apẹja tó bá sì pariwo lè máà mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ẹni tó ba odò jẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àyíká gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu ju ọ̀rọ̀ òwò yòókù lọ. Àfi kí ẹnìkan bá wọn sọ ọ́.

Ìgbìmọ̀ Brundtland mọ èyí. Dípò kí wọ́n jókòó sójú kan, wọ́n rin ìrìn àjò káàkiri, wọ́n ṣe ìpàdé ìtagbangba ní Jakarta, ní São Paulo, ní Harare, ní Nairobi, ní Moscow àti ní àwọn ìlú mìíràn, kí àwọn ará ìlú lè wá fẹnu ara wọn sọ tẹnu wọn. Àwa Yorùbá náà mọ̀ ọ́n. Aláàfin ayé àtijọ́, bó ti lágbára tó, kò dá ọ̀rọ̀ ìlú pa láìsí Ọ̀yọ́ Mèsì. Àwọn baba wa sì ti ṣe é lówe: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ìbéèrè tó gòkè dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá

Ẹ jẹ́ ká lọ sí LaGrange, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni Ray Anderson ti dá ilé iṣẹ́ Interface sílẹ̀ ní 1973. Kápẹ́ẹ̀tì alábala ni wọ́n ń ṣe, èyí tí wọ́n máa ń tò ní ẹyọ ẹyọ sílẹ̀ ọ́fíìsì, tó fi jẹ́ pé bí ẹyọ kan bá bàjẹ́, a lè yọ òun nìkan. Inú epo rọ̀bì ni fọ́nrán náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń hun ún ti ń jáde, iṣẹ́ náà sì ń jẹ iná púpọ̀. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, Anderson ń ta ọjà, ó ń jèrè, ó ń pa òfin mọ́. Kò rí ibi tí òun kù sí.

Ní 1994, àwọn olùtajà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìbéèrè kan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà: kí ni ilé iṣẹ́ yín ń ṣe fún àyíká? Kò sí ìdáhùn lẹ́nu wọn. Ẹ fọkàn bá ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí lọ. Àwọn olùtajà kò ka oníbàárà sí aláròyé, wọ́n gbé ìbéèrè náà délé. Ẹ̀ka ìwádìí gbọ́, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti onírúurú ẹ̀ka ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì ní kí ọ̀gá àgbà wá sọ èrò rẹ̀ lórí àyíká fún wọn. Ọ̀gá kò ní èrò kan ju pé ká pa òfin mọ́ lọ. Ní àkókò yìí gan-an ni ìwé kan tí Paul Hawken kọ lórí òwò àti àyíká dé orí tábìlì rẹ̀. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá olùtajà ní apá California ló fi ránṣẹ́, ọmọbìnrin tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi ìwé náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Anderson kà á, ó ní ṣe ló dà bí ọ̀kọ̀ tó wọ òun láyà. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó dìde níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí ilé iṣẹ́ tó ń jẹ epo rọ̀bì tó báyìí wá ọ̀nà tí kò fi ní pa ayé lára mọ́. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni nígbà náà. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé orí ọ̀gá ti dàrú.

Ẹ ka iye ẹnu tí ọ̀rọ̀ yìí gbà kọjá: oníbàárà, olùtajà, òṣìṣẹ́ ìwádìí, ọmọ, ìyá, ọ̀gá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀gá tó wà níbí bi ara yín léèrè: bí oníbàárà bá bi ẹni tó ń bá yín tajà ní irú ìbéèrè yẹn lónìí, ẹnu mélòó ni yóò gbà kọjá kó tó dé etí yín? Nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa, ẹnu àkọ́kọ́ ni yóò kú sí. Olùtajà mọ̀ pé iye owó tí òun bá pa lóṣù ni wọn yóò bi òun, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé, "Kí ni oníbàárà wí?"

Ọ̀rọ̀ tí etí òṣìṣẹ́ lè gbà

Anderson ti sọ̀rọ̀ tán, àmọ́ iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyíká lè dùn lẹ́nu ọ̀gá kó má ní ìtumọ̀ kankan fún ẹni tó ń ti ẹ̀rọ. Ohun tí Interface ṣe ni pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí èdè tí ẹni tó ń ti ẹ̀rọ ń gbọ́, èyíinì ni ìfiṣòfò. Láti 1995, wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ pé ohunkóhun tí a ná owó lé tí kò ṣe oníbàárà láǹfààní, òfò ni, ì báà jẹ́ òwú tó já bọ́ sílẹ̀, iná tó ń jó lásán tàbí ọjà tí a kó lọ síbi tí a kò rán an. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n wá òfò tó wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n dá àbá. Nígbà tó fi máa di 2009, Anderson ròyìn pé owó tí àbá wọ̀nyí ti gbà là ti lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là.

Òmíràn tún ni ti kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Entropy, tó jáde ní 2000. David Oakey ni olórí àwọn tó ń ya àwòrán kápẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ó ní kí àwọn ayàwòrán jáde lọ sínú igbó, kí wọ́n lọ wo bí ilẹ̀ igbó ṣe rí, kí wọ́n má sì padà títí wọn yóò fi mọ bí ẹ̀dá ṣe ń ṣe ilẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé kò sí ibi méjì tó bára mu nínú igbó, síbẹ̀ ojú rẹ̀ tutù. Wọ́n padà wá ya kápẹ́ẹ̀tì tí ẹyọ kan kò jọ èkejì. Àǹfààní rẹ̀ kò pẹ́ hàn: wọn kò ní láti ju ẹyọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ nù mọ́, ẹni tó ń tò ó sílẹ̀ kò ní láti gé èyí tí kò bára mu, a sì lè fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó láì jẹ́ pé ojú mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀kan lára ọjà wọn tó tà jù.

Ti páìpù ló wú mi lórí jù. Ní nǹkan bí 1997, Interface ń kọ́ ilé ẹ̀rọ kan ní Shanghai ní Ṣáínà. Wọ́n ti ya àwòrán bí ẹ̀rọ tó ń fa ohun ṣíṣàn kan kiri yóò ṣe rí, agbára rẹ̀ yóò sì tó ti ẹṣin 95. Jan Schilham, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, ní kí wọ́n tún un wò. Àṣà tó wà nílẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ síbi tó bá wù wọ́n, kí ẹni tó ń so páìpù wá wá ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ gbà láti so wọ́n pọ̀. Schilham ní kí páìpù kọ́kọ́ gba ọ̀nà tó tọ́, kó sì fẹ̀, kí ẹ̀rọ wá bọ́ sí ibi tí páìpù bá fi sílẹ̀ fún un. Agbára tí wọ́n nílò já láti 95 sí 7. Kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tuntun kan níbẹ̀. Ètò ẹni tó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni wọ́n yí padà. Ẹni tó ń so páìpù, tí wọ́n máa ń pè nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti parí, ni wọ́n fún láyè níbẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí i. Àárín ọdún 1990 ni Interface dá àbá pé kí oníbàárà má ra kápẹ́ẹ̀tì mọ́, kó máa háyà rẹ̀. Bó bá gbó, kí ilé iṣẹ́ kó o padà lọ tún un ṣe. Àbá tó mọ́gbọ́n dání ni, àmọ́ oníbàárà tó gbà á kò tó nǹkan. Èrèdí rẹ̀? Nínú ilé iṣẹ́ oníbàárà, àpò tí wọ́n fi ń kọ́lé ni owó kápẹ́ẹ̀tì ti ń jáde, àpò tí wọ́n fi ń tọ́jú ilé lọ́dọọdún sì ni owó háyà ti yẹ kó jáde. Ọ̀gá kan ló di àpò kìíní mú, ọ̀gá mìíràn ló di èkejì mú, kò sì sí ìpàdé tí àwọn méjèèjì jọ ń jókòó sí. Ẹni tí yóò jàǹfààní kọ́ ni ẹni tí yóò sanwó. Ọ̀pọ̀ àbá rere lórí àyíká ló ń kú báyìí, láìsí ọ̀tá kankan tó bá a jà.

Anderson kú ní 2011. Ní 2019, ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ti dé ibi tí àwọn ní lọ́kàn, ìyẹn òwò tí kò pa ayé lára, ṣáájú ọdún 2020 tí wọ́n dá fún un. Ìyẹn kò sọ wọ́n di áńgẹ́lì; Anderson fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé bí òun ṣe ń ṣòwò tẹ́lẹ̀, kíkó ilẹ̀ ayé lẹ́rù ni. Èmi kò mú wọn wá kí a lè kan sáárá sí wọn. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà rìn láàárín wọn ni mo fẹ́ kí a kọ́.

Nígbà tí wọ́n pinnu tán kí wọ́n tó pe ìpàdé

Ẹ jẹ́ ká wá wo òdìkejì rẹ̀. Brent Spar ni orúkọ àgbá epo ràgàjì kan tó ń léfòó lórí Òkun Àríwá. Ìwọ̀n rẹ̀ tó 14,500 tọ́ọ̀nù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1976, wọ́n sì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 1991. Ọwọ́ ẹ̀ka ilé iṣẹ́ epo Shell ti Bìrìtìkó ni àbójútó rẹ̀ wà. Wọ́n ṣe nǹkan bí 30 ìwádìí lórí ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣe, wọ́n wá pinnu pé kí wọ́n rì í sínú ibú òkun ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì. Ìjọba Bìrìtìkó fọwọ́ sí i ní oṣù Kejì 1995. Bí ẹ bá bi wọ́n nígbà náà, wọn yóò ní àwọn ti fọ̀rọ̀ lọ gbogbo ẹni tí òfin ní kí àwọn fọ̀rọ̀ lọ̀. Òtítọ́ sì ni wọ́n sọ.

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin 1995, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká tó ń jẹ́ Greenpeace gun orí àgbá náà. Àwòrán wọn lórí omi, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń fi omi tó le lé wọn, kún tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù. Ní Jámánì, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ kọjá ilé epo Shell láì yà. Ẹ rántí pé ẹ̀ka ti Bìrìtìkó ló pinnu, ẹ̀ka ti Jámánì ló wá ń jìyà rẹ̀. Olórí ìjọba Jámánì, Helmut Kohl, bá John Major ti Bìrìtìkó sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ní Halifax ní Kánádà. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹfà, Major dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó gbè sẹ́yìn ìpinnu náà; kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Shell kéde pé àwọn ti yí èrò àwọn padà.

Ibi tó ṣòro nínú ìtàn yìí nìyí, n kò sì ní fò ó. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà pé rírì tí wọ́n fẹ́ rì í kò ní pa òkun lára tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Greenpeace pàápàá jáde ní oṣù Kẹsàn-án láti tọrọ àforíjì pé iye epo tí àwọn sọ pé ó kù nínú àgbá náà kò tọ̀nà. Nítorí náà, a kò lè fi ìtàn yìí sọ pé olówó ló jẹ̀bi, ará ìlú ló jàre. Ohun tó fi kọ́ wa ni pé ìwádìí tó péye kò lè dípò ìfikùnlukùn. Àwọn ará Jámánì, Dẹ́ńmákì àti Nẹ́dálándì gbà pé òkun náà jẹ́ tiwọn pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Ìbéèrè tí 30 ìwádìí náà dáhùn ni: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí omi? Ìbéèrè tí ará ìlú ń béèrè ni: ta ló fún yín láṣẹ láti fi òkun ṣe ààtàn?

Lẹ́yìn èyí ni Shell wá ṣe ohun tí ì bá ti ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n wọ́ àgbá náà lọ sí Nọ́wè, wọ́n fi í pamọ́ síbẹ̀, wọ́n sì gba àjọ kan tí kì í ṣe tiwọn láti darí ìjíròrò ní London, ní Copenhagen àti láwọn ìlú mìíràn. Onímọ̀ ẹ̀rọ jókòó ti ajàfẹ́tọ̀ọ́, apẹja jókòó ti aṣojú ìjọba. Gbogbo àbá ni wọ́n gbé sórí tábìlì, pẹ̀lú iye tí yóò ná wọn. Ní oṣù Kìíní 1998, wọ́n fẹnu kò sí ohun kan tí kò sí ẹni tó lérò rẹ̀ ní 1995: kí wọ́n gé àgbá náà sí abala abala, kí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ èbúté ọkọ̀ ojú omi ní Mekjarvik nítòsí Stavanger. Ohun tí wọ́n fẹ́ dà nù wá di ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ tí ń sin ọ̀rọ̀

N kò lè dárúkọ 1995 àti Shell níwájú àwọn ọmọ Nàìjíríà kí n má dárúkọ Ogoni, ilẹ̀ Niger Delta tí Shell ti wa epo. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ni ìjọba ológun Sani Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ilẹ̀ Ogoni, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ohun tí wọ́n ti ń béèrè kò ju ohun tí awakọ̀ Jámánì béèrè lọ: ẹ bi wá kí ẹ tó ṣe ilẹ̀ wa báyìí. Awakọ̀ Jámánì ní agbára kan lọ́wọ́: ó lè ra epo níbòmíràn. Àgbẹ̀ Ogoni kò ní ilẹ̀ mìíràn. Èyí kọ́ wa pé ìfikùnlukùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohùn dídùn nìkan. Ẹni tí kò bá lè sọ pé "n kò gbà", tí ìkọ̀ rẹ̀ sì mú nǹkan kan dúró, kò tíì sí nínú ìjíròrò. Wọ́n kàn ń sọ fún un ni.

Ọ̀rọ̀ sísọ sì lè di ọ̀nà àtisin ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2011, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí jáde lórí Ogoni. Wọ́n ní ìwẹ̀nùmọ́ ilẹ̀ àti omi náà lè gba ọdún 25 sí 30, wọ́n sì dábàá pé kí owó àkọ́kọ́ jẹ́ bílíọ̀nù kan dọ́là. Oṣù Kẹfà 2016 ni ìjọba tó ṣí ètò ìwẹ̀nùmọ́ náà ní Bodo. Ohun tó fẹ́ẹ̀ tó ọdún márùn-ún kọjá láàárín ìwé àti ọkọ́. Gbogbo wa la mọ gbólóhùn tí wọ́n fi ń sin ọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì: "Ẹ jẹ́ ká gbé ìgbìmọ̀ kékeré kalẹ̀ lórí rẹ̀." Bí ìgbìmọ̀ náà kò bá ní ọjọ́ tí yóò jábọ̀, tí kò sì ní ẹni tí yóò gba àbọ̀ náà, ibojì ni wọ́n gbẹ́.

Èkó àti páálí oúnjẹ funfun

Mo padà délé. Ní ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Kìíní 2024, Kọmíṣọ́nnà fún Àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Tokunbo Wahab, kéde pé ìjọba ti fòfin de páálí funfun fífúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń di take-away, àti pé òfin náà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó bá ti rí gọ́tà Èkó lẹ́yìn òjò ńlá mọ ohun tó ń dí i.

Àmọ́ ẹ fojú inú wo ìyá olóúnjẹ tó ti ra páálí kún yàrá ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ wo ilé iṣẹ́ tó ti ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ síta. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn olùpèsè lọ bá ìjọba, wọ́n jọ sọ ọ́, ìjọba sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi ta èyí tó wà nílẹ̀. Ìfikùnlukùn wáyé nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, lẹ́yìn àṣẹ. Nígbà tó kan àwọn ike àlòjùnù yòókù, ọ̀pá ìfamu, ṣíbí ike àti ọ̀rá tín-ínrín, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2025 ni ìmúṣẹ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjìdínlógún tí ìjọba àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti ń bára wọn jíròrò.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ǹjẹ́ o rò pé bí ó bá jẹ́ pé ìjọba kọ́kọ́ pe ìpàdé, òfin náà ì bá ti wáyé títí di òní? Ìbéèrè tó dára ni. Èmi náà gbà pé bí a bá ní ká dúró de ẹni tó ń ta páálí kó tó fọwọ́ sí i, gọ́tà yóò dí títí ayé. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé nǹkan kan burú, kó sì dẹ́kun rẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ní irú ẹ̀tọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè "ṣé ká ṣe é?" yàtọ̀ sí ìbéèrè "ìgbà wo, kí la ó fi rọ́pò rẹ̀, ta ni yóò san án?" Ọ̀gá lè dáhùn ti àkọ́kọ́ lórí ìjókòó rẹ̀. Ti èkejì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń lo nǹkan náà. Ìyá olóúnjẹ ló mọ̀ bóyá ewé lè di ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó ń dà. Òun ló mọ̀ bóyá oníbàárà yóò gbé àwo wá látilé. Òun ló mọ iye tí yóò lé lórí oúnjẹ, àti ẹni tí kò ní lè ra á mọ́. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú fáìlì kankan ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa. Lẹ́nu rẹ̀ ló wà.

Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò fẹ́ kí ẹ lọ sílé pẹ̀lú ìtàn nìkan. Nǹkan márùn-ún ni mo bẹ gbogbo ẹni tó ń darí ilé iṣẹ́, ilé ìwé, ilé ìjọsìn tàbí ẹgbẹ́ ọjà pé kó ṣe.

Èkíní, ẹ pe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nígbà tí ìwé ṣì ṣófo. Ìpàdé tí ẹ bá pè lẹ́yìn tí ẹ ti ya àwòrán tán, ìkéde ni. Agbálẹ̀, awakọ̀, ẹni tó ń da ìdọ̀tí nù, àti ará àdúgbò tí omi yín ń ṣàn gba ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ló mọ ohun tí ẹ kò mọ̀.

Èkejì, kí ọ̀gá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Láàárín wa níhìn-ín, tí a fi ìbọ̀wọ̀ fún àgbà tọ́ dàgbà, bí ọ̀gá bá ti sọ èrò rẹ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni yóò kún yàrá. Ìbọ̀wọ̀ náà dára, n kò ní kí a gbé e sọ nù. Ọ̀gá ló ní agbára láti dákẹ́ kí àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn rí àyè sọ̀rọ̀, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ta kò ó, lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú ẹni tó di àpò kíkọ́lé mú àti ẹni tó di àpò ìtọ́jú mú jókòó sórí tábìlì kan. Bí ẹ bá ń ra jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, ẹni tí yóò máa ra epo sí i fún ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń bá ọlọ́jà nájà. Iye tí ẹ rà á nìkan kọ́ ni owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yan ẹnìkan ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn tí kò lè wá, ìyẹn odò, ilẹ̀ àti ọmọ tí a kò tíì bí. Kí ipò náà máa yí láti ọwọ́ dé ọwọ́, kó má di ti ẹnìkan tí gbogbo èèyàn yóò máa sá fún.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ìwé ìpàdé sọ ẹni tí kò gbà, ìdí tí kò fi gbà, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí a ó bi bí kò bá bẹ̀rẹ̀. Ìjíròrò tí kò lọ́jọ́ tí kò lórúkọ, eré ni.

Ẹnìkan lè sọ pé ìpàdé ti pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ wa, pé iṣẹ́ ni ká ṣe. Mo gbà pé ìpàdé pọ̀. Ìpàdé tí ọ̀gá ti ń ka ìwé fún wa ló pọ̀. Èyí tí a ti ń gbọ́ ara wa ló wọ́n. Ìdá kan nínú àkókò tí a ń lò fún ti àkọ́kọ́ tó láti fi ṣe èkejì. Shell náà rò pé àwọn ti dín àkókò kù ní 1995, kó tó wá gbà wọ́n ní ọdún méjì àti ààbọ̀ mìíràn láti tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ bá dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú ìpinnu kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́dún yìí lórí iná, omi tàbí ìdọ̀tí. Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ wá ẹni tí yóò kàn jù tí ẹ kò tíì bá sọ̀rọ̀, ẹ pè é jókòó, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí wọ́n bá pè yín, ẹ má fi "kò burú, sà" dáhùn. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀.